Ọwọ́ tí ń Gbọ̀n: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú lórí Àrùn Parkinson

Ibi kíkà: Jòhánù 9:1–7, Máàkù 2:1–12



Nínú orí kẹsàn-án ìwé Ìhìnrere tí Jòhánù mímọ́ kọ, a kà nípa ọkùnrin kan tí a bí ní afọ́jú. Kí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn tó ronú ohun tí wọn ó fi ràn án lọ́wọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ mọ̀ ni ẹni tí ó dẹ́ṣẹ̀ tí ìyà náà fi jẹ ẹ́, bóyá òun fúnra rẹ̀ ni tàbí àwọn òbí rẹ̀. Olúwa wa kò bá wọn lọ sí ọ̀nà ìbéèrè náà. Ó jẹ́ kí ó yé wọn pé ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn kọ́ ni ó fà á. Lẹ́yìn náà ó po amọ̀, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú ọkùnrin náà.

Ìbéèrè àwọn ọmọ-ẹ̀yìn wọ̀nyí kò tíì kú láàrin wa. Bí ọwọ́ àgbà kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí ìrìn rẹ̀ falẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì le koko bí ojú ẹni tí inú ń bí, kò ní pẹ́ tí a ó fi máa gbọ́ ọ lábẹ́lẹ̀ pé ọtí ni ó ń mu ní kọ̀rọ̀, tàbí pé ayé ni ó mú un, tàbí pé ohun tí ó ti ṣe sẹ́yìn ni ó ń gbẹ̀san lára rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ìyá arúgbó tí kò ní olùgbèjà, tí ẹnìkan sì pe orúkọ àjẹ́ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ náà lè di ewu fún ẹ̀mí rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ fi ojú ewé oṣù yìí sọ̀rọ̀ lórí àrùn kan tí ó wà láàrin àwọn àgbà wa, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ kò sì mọ orúkọ rẹ̀, èyíinì ni àrùn Parkinson. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, àwọn tí àrùn yìí ń bá jà ní gbogbo ayé ju mílíọ̀nù 8.5 lọ. A kò lè fi ìwé ìròyìn wo àrùn. Iṣẹ́ àwọn oníṣègùn nìyẹn. Ṣùgbọ́n a lè mú àìmọ̀ kúrò lọ́nà, nítorí pé àìmọ̀ a máa ṣe aláìsàn níbi ju àìsàn rẹ̀ lọ.

ÌKÍNNÍ: Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ ìwé nípa rẹ̀

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1755 ni a bí James Parkinson ní àdúgbò Hoxton ní ìlú Lọ́ńdọ́nù. Oníṣègùn ni bàbá rẹ̀, iṣẹ́ náà ni òun pẹ̀lú sì kọ́. Ọmọ Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni: ní ṣọ́ọ̀ṣì Leonard Mímọ́ ní Shoreditch ni a ti ṣe ìrìbọmi fún un, níbẹ̀ ni ó ti gbéyàwó, níbẹ̀ náà ni a sì sin ín sí ní ọdún 1824.

Ní ọdún 1817 ó tẹ ìwé kékeré kan jáde lórí ohun tí ó pè ní ẹ̀gbà oníwàárìrì. Ìtàn ènìyàn 6 péré ni ó wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì jẹ́ ẹni tí ó kàn pàdé ní ìgboro. Ó kíyè sí bí wọ́n ti ń tẹ̀ síwájú, bí ẹsẹ̀ wọn ti ń sá kúṣẹ́kúṣẹ́ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ ṣubú, àti bí ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n nígbà tí wọn kò fi í ṣe iṣẹ́ kankan. Kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó wò wọ́n títí ó fi rí ohun tí àwọn ẹlòmíràn tí ń kọjá ní ojú ọ̀nà kan náà kò rí. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Jean-Martin Charcot, àgbà oníṣègùn kan ní ìlú Paris, wí pé kò tọ́ kí a máa pe àrùn náà ní ẹ̀gbà, nítorí pé agbára kò tán nínú iṣan àwọn tí ó ń ṣe. Òun ni ó ní kí a fi orúkọ Parkinson pè é.

Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: ẹnìkan tí ó fara balẹ̀ wo aládùúgbò rẹ̀ ni gbogbo ìmọ̀ tí a ní lórí àrùn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ojú ọ̀nà kan náà ni aláàánú àti ẹlẹ́gàn jọ ń gbà. Ohun tí olúkúlùkù ń wò ni ó yàtọ̀.

ÌKEJÌ: Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kan wà tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú ju ti àyíká rẹ̀ lọ. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà níbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe èròjà kan tí a ń pè ní dopamine. Iṣẹ́ èròjà yìí dàbí iṣẹ́ ìránṣẹ́ ààfin. Bí ọba bá pàṣẹ, ìránṣẹ́ ni yóò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn ìjòyè. Bí àwọn ìránṣẹ́ bá pé, àṣẹ ọba a tètè ṣẹ. Nínú àrùn Parkinson, àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọba ṣì wà lórí ìtẹ́, àwọn ìjòyè sì wà ní ipò wọn. Àwọn ìránṣẹ́ ni wọn kò tó mọ́. Bákan náà ni ó rí fún aláìsàn: ìfẹ́ láti gbé ọwọ́ sókè wà lọ́kàn rẹ̀, iṣan ọwọ́ náà kò sì kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a rán kò tètè dé.

Ní ọdún 1912, Fritz Heinrich Lewy, oníṣègùn ará Jámánì, rí àwọn ìdì kékeré kan tí kò yẹ kí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ àwọn tí ó kú pẹ̀lú àrùn yìí. Ní ọdún 1919, Konstantin Tretiakoff, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà tí ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris, fi hàn pé ibi dúdú tí a wí yìí ni ó bàjẹ́. A sì ti mọ̀ nísinsìnyí pé ìbàjẹ́ náà a máa bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà tí ọwọ́ bá fi máa gbọ̀n, ìdajì àwọn sẹ́ẹ̀lì náà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ti lọ.

Kí ni ó ń fà á? Ọjọ́ orí ni àkọ́kọ́, nítorí pé lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún ni ó wọ́pọ̀ jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń mú àwọn mìíràn kí wọ́n tó pé àádọ́ta. Ìwádìí sì ti so ó pọ̀ mọ́ àwọn oògùn olóró kan tí a fi ń pa kòkòrò àti koríko oko, bí irú paraquat. Kí àwọn àgbẹ̀ wa kíyè sára. Àjogúnbá pẹ̀lú ní ipa tirẹ̀. Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ilẹ̀ Nàìjíríà, lára wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà, fi hàn pé ìyàtọ̀ kékeré kan wà nínú jíìnì tí a ń pè ní GBA1, tí ó jẹ́ pé ara àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá ni a ti sábà ń rí i, tí ó sì ń fi kún ewu àrùn yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ègún ìdílé. Bí a ti ń jogún ìrísí ojú lọ́dọ̀ òbí ni a ń jogún rẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní i kò sì ní ṣe àìsàn náà títí ọjọ́ ayé wọn. Kì í ràn, ẹnikẹ́ni kò sì lè kó o nípa jíjẹun pọ̀ tàbí mímu nínú ago kan náà.

ÌKẸTA: Bí ó ti ń hàn nínú ara

Àmì mẹ́rin ni a mọ̀ jù. Èkínní ni kí ara máa falẹ̀: bọ́tìnnì ẹ̀wù tí a ń dè kíákíá tẹ́lẹ̀ yóò wá di iṣẹ́ ńlá. Èkejì ni gbígbọ̀n. Ọwọ́ kan ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀; àtàǹpàkò àti ìka a máa yí bí ọwọ́ ẹni tí ń yí ìlẹ̀kẹ̀ kan láàrin wọn. Nígbà tí ọwọ́ bá sinmi lórí itan ni ó ń gbọ̀n jù. Bí ó bá nà án láti mú nǹkan, ó lè rọlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni kí apá àti ẹsẹ̀ le, tí wọn kò fi rọ̀ bí ẹlòmíràn bá fẹ́ tẹ̀ wọ́n. Ẹ̀kẹrin, tí ó máa ń pẹ́ kí ó tó dé, ni àìlèdúró déédéé, tí ènìyàn fi ń ṣubú. Ṣùgbọ́n gbogbo ọwọ́ tí ń gbọ̀n kọ́ ni ti Parkinson. Àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n bá gbé ife omi sẹ́nu, tiwọn yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn mìíràn ní àrùn Parkinson tí ọwọ́ wọn kò gbọ̀n rárá. Oníṣègùn ni kí ó dá wọn mọ̀.

Ohun mìíràn a máa tẹ̀lé e. Apá kan kò ní fì mọ́ bí ó bá ń rìn. Ìṣísẹ̀ a kúrú, ẹsẹ̀ a sì máa wọ́ nílẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà tóóró, ẹsẹ̀ lè dúró gbọnin bí ẹni pé a fi àtè mú un. Ohùn a rẹlẹ̀ títí ẹni tí ó jókòó tì í kò fi ní gbọ́ ọ. Ìwé tí ó ń kọ a máa kéré sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlà dé òpin rẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ ni ẹ lè tètè rí èyí lára ẹlẹgbẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ojú ni ó gba àlàyé jù lọ. Àwọn bàbá wa wí pé ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àrùn yìí a máa mú kí iṣan ojú le, tí kò fi ní lè sọ ohun tí ọkàn ń sọ. Ọmọ-ọmọ bàbá lè wọlé wá, kí inú bàbá dùn gidigidi, kí ojú rẹ̀ má sì rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wí pé bàbá ti di agbéraga, tàbí pé kò fẹ́ràn ilé mọ́. Mélòó ni àwọn tí a ti dáwọ́ ìbẹ̀wò wọn dúró nítorí ojú tí kò rẹ́rìn-ín, nígbà tí ọkàn wọn ń ké pè wá!

Àwọn ohun tí a kò fi ojú rí náà kò kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í gbọ́ òórùn mọ́. Ìyá tí ó ń fi imú mọ irú tí ó dára lọ́jà lè má mọ ìgbà tí ọbẹ̀ ń jóná níwájú rẹ̀. Ìgbẹ́ kì í yà bí ó ti yẹ. Lóru, àwọn mìíràn a máa pariwo, wọn a sì máa fi ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ja ìjà tí wọ́n ń jà lójú àlá. Èyí lè ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n ní ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì jẹ́ ohun tí ó ń mú kí àwọn ará ilé sọ pé ọ̀tá ń bá a jà ní òru. Ìbànújẹ́ ọkàn pẹ̀lú lè jẹ́ apá kan àìsàn náà. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, iyè àwọn mìíràn a máa rà. A kò fi èyí pamọ́ fún yín, kí ó má ba à jẹ́ ìyàlẹ́nu fún àwọn tí ń tọ́jú wọn.

ÌKẸRIN: Igi méjì inú igbó wa

Ẹ wá wo iṣẹ́ Ẹlẹ́dàá. Igi kan wà nínú igbó wa tí a ń pè ní asofẹ́yẹjẹ. Láti ayé àwọn baba ńlá wa ni àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ mú ara aṣiwèrè rọlẹ̀. Èròjà kan wà nínú rẹ̀ tí a ń pè ní reserpine, tí ó sì wà nínú ìbátan rẹ̀ tí ń hù ní ilẹ̀ India. Ní ọdún 1957, Arvid Carlsson ní ilẹ̀ Sweden fún àwọn ehoro ní reserpine, wọ́n sì wà lójú kan láìlè mira, nítorí pé ó ti mú dopamine inú ọpọlọ wọn gbẹ. Ó wá fún wọn ní ohun tí ara fi ń ṣe dopamine, èyí tí a ń pè ní levodopa. Láìpẹ́ wọ́n tún ń rìn káàkiri. Ní ọdún 2000 a fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ní ọdún 1960, Oliver Hornykiewicz ní ìlú Vienna rí i pé dopamine ti dín kù púpọ̀ nínú ọpọlọ àwọn tí ó kú pẹ̀lú àrùn Parkinson. Ní ọdún 1961, òun àti Walther Birkmayer fi abẹ́rẹ́ gún levodopa fún àwọn aláìsàn, àwọn tí kò lè dá dìde sì dìde, wọ́n rìn. Ní ọdún 1967, George Cotzias ní Amẹ́ríkà fi hàn bí a ti lè máa fi í fún wọn lẹ́nu. Oògùn yìí, pẹ̀lú ìkejì rẹ̀ carbidopa, ni ó ṣì jẹ́ olórí oògùn àrùn náà títí di òní.

Levodopa kan náà yìí wà nínú irúgbìn wèrèpè, tí àwọn mìíràn ń pè ní yèrèpè, ewéko tí irun èso rẹ̀ ń yún ènìyàn lára dé bi pé ó lè fẹ́ bọ́ ẹ̀wù sílẹ̀. Igi kan nínú igbó wa lè de ara mọ́lẹ̀. Ewéko mìíràn nínú igbó kan náà sì ní ohun tí ń tú u. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí lọ já wèrèpè sè. Kò sí ẹni tí ó lè fi ojú lásán mọ ìwọ̀n oògùn tí ó wà nínú ẹ̀kún ọwọ́ kan. Kí a má sì fi àgbo asofẹ́yẹjẹ fún ẹni tí ara rẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀, nítorí pé a ó dá kún ìyà rẹ̀. Àwọn oògùn òyìnbó kan pẹ̀lú, lára èyí tí a fi ń tọ́jú wèrè àti èyí tí a fi ń dá èébì dúró, lè mú ara gbọ̀n tàbí kí ó le bí ti Parkinson. Nítorí náà kí a ka gbogbo ohun tí a ń lò fún oníṣègùn.

Levodopa kì í wo àrùn náà sàn pátápátá, ṣùgbọ́n ó ń dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́ wọn. Kí a máa lò ó ní àkókò rẹ̀ gan-an, kí a má sì ṣàdédé dá a dúró, nítorí pé ewu wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀, ó sàn kí wọ́n lò ó ní nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí ṣáájú oúnjẹ, nítorí pé ẹran, ẹyin, àti ẹ̀wà bí irú mọ́ínmọ́ín a máa bá a du ọ̀nà nínú ara. Bí ọdún bá pẹ́, agbára rẹ̀ lè máa tán kí àkókò èkejì tó tó, ara sì lè máa jà fúnra rẹ̀. Oníṣègùn ni kí ó tún un ṣe. Rírìn àti fífi ara ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ sì ń ṣe àǹfààní púpọ̀.

ÌKARÙN-ÚN: Ojúṣe wa

Ní Kapanáúmù, àwọn mẹ́rin ni wọ́n gbé arọ wá sọ́dọ̀ Olúwa wa, nígbà tí wọn kò sì rí ọ̀nà nítorí èrò, wọ́n ṣí òrùlé. A kò gbọ́ pé wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí ó ṣe tí ó fi di arọ. Kí olúkúlùkù wa mú igun kan àkéte náà.

Ẹ̀yin ọmọ àti ará ilé, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní kùtùkùtù, kí ẹ má sì fi owó oògùn wọn ná sí ibi tí a ti ń wá ẹni tí ó ṣe é. Ẹ má bá wọn já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu; ẹ dúró kí wọ́n parí rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọdé pé ẹni tí ó bá fi ìrìn àgbà ṣe ẹ̀fẹ̀ kò tíì mọ ohun tí ọjọ́ ogbó ń mú bọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọlọ́run kò dá ọwọ́ kan tí kò nílò èkejì.

Ẹ̀yin wọ́dìn àti alùfáà, bí ọwọ́ bàbá bá ń gbọ̀n nídìí àga Ìdàpọ̀ Mímọ́, ẹ bá a di ago náà mú, kí a má ṣe mú un ronú pé ìtìjú ni kí òun wá. Bí ẹsẹ̀ ìyá bá dúró gbọnin ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má ṣe tì í, ẹ má sì fà á. Ẹ ní kí ó gbé ẹsẹ̀ rekọjá ìlà kan lórí ilẹ̀, tàbí kí ẹ bá a ka ení, èjì. Àwọn onímọ̀ ti rí i dájú pé ìró tí ó bá ń lọ déédéé, bí ìlù tàbí orin, a máa ran irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ pé orin tí a ń kọ bí a ti ń wọlé ni yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ìjókòó rẹ̀. Ẹ̀yin akọrin, ẹ rántí èyí.

Ẹ̀yin tí àrùn yìí ń ṣe, ẹ má ṣe fi ara pamọ́. Muhammad Ali, tí ó wá sí ilẹ̀ wa ní ọdún 1964 nínú agbára èwe rẹ̀, ni a sọ fún ní ọdún 1984 pé ó ní àmì àrùn yìí. Ní ọdún 1996, ní Atlanta, ó fi ọwọ́ tí ń gbọ̀n tan iná eré Òlíńpíìkì lójú gbogbo ayé. Póòpù John Paul Kejì, tí àrùn yìí ń bá jà, wá sí Nàìjíríà lẹ́ẹ̀kejì ní ọdún 1998, kò sì fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ títí ó fi kú ní ọdún 2005. Ọwọ́ wọn gbọ̀n, ìpè wọn kò yẹ̀.

Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Nígbà mìíràn tí ẹ bá rí ọwọ́ tí ń gbọ̀n, ẹ má ṣe béèrè ta ni ó dẹ́ṣẹ̀. Ẹ béèrè igun àkéte tí ó kàn yín láti gbé.

Kí Ọlọ́run, tí ó mọ ẹ̀dá wa, fún àwọn aláìsàn ní sùúrù, kí ó fún àwọn oníṣègùn ní ọgbọ́n, kí ó sì fún gbogbo wa ní ojú tí ń rí ọkàn lẹ́yìn ojú tí kò lè rẹ́rìn-ín. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.